Sí Àjọkẹ́ ní Padova, Lórí Ọ̀rọ̀ Eruku Àlìkámà

Torino, Ọjọ́rú

Àjọkẹ́ mi,

Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé báyìí ni kí lẹ́tà máa bẹ̀rẹ̀: inú mi dùn púpọ̀ láti kọ ìwé yìí sí ọ, mo sì lérò pé ara rẹ le koko. Inú mi kò dùn. N kò sì lérò pé ara rẹ le koko. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé àti bírò, tí mo jókòó sí ilé ìdáná, tí mo sì bẹ ìyá rẹ pé kó má bá mi sọ̀rọ̀ títí n ó fi parí. Ó ti bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o pè wá láti inú cabina tẹlifóònù tó wà nísàlẹ̀ ilé tí o gbà ní Padova. O ní yàrá náà dára, pé ó fi díẹ̀ tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. O ní Professore tuntun rẹ ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìlọkà, pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà àti àgbàdo ọdún yìí, àpò lórí àpò, títí di ìgbà Àjíǹde. O ní o ti lọ díẹ̀ wò kí ọwọ́ rẹ lè mọ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ni o wúkọ́. O wú u kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ kó parí kí àwọn àgbà tó gbọ́.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

O ní, "Niente, papà. È solo polvere."

Kò sí nǹkan kan. Eruku lásán ni. Àjọkẹ́, ta ni o ń sọ ọ́ fún? Eruku tí o pè ní lásán yìí ni wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ sanwó oṣù fún mi láti ìgbà tí o kò tíì hu eyín. Purotéènì inú ọkà ni mo fi gbogbo ayé mi kà: èyí tó ń mú adìyẹ sanra, èyí tó ń gba inú ehoro kọjá láìkí i, èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, n kò tíì bá èyí tó ń jẹ́ lásán pàdé.

Mo fẹ́ sọ èyí fún ọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi. "Jọkẹ́, ikọ́ kọ́ nìyẹn o! Ìwọ kò ní ikọ́. Má fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ rẹ̀!" Ìwọ náà dáhùn pé, "Amen, mamma." Owó inú scheda, káàdì ìpè rẹ, sì tán.

Tẹlifóònù dára, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta kò lè jọ sọ òtítọ́ lórí rẹ̀. Ìwé ni ẹnikẹ́ni kò lè já gbà lọ́wọ́ mi. O kò sì lè fi "sì, papà" gé e kúrú. Nítorí náà, kà á tán. Bí ó bá sú ọ, lọ wá nǹkan jẹ, kí o padà wá kà á.

Èmi ìbá tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún ọ, èkíní, èkejì, títí dé ẹ̀kẹwàá, gẹ́gẹ́ bí bàbá tó mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í lè ka nǹkan dé ẹ̀wá. A ó rí ibi tó máa já sí.

Èkíní ni pé kí o máa jẹun. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti bá àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣiṣẹ́ ní Torino níbí, mo ti bá wọn ṣe ìpàdé ní Parma, n kò rí irú àwọn ènìyàn tí kì í jẹun bẹ́ẹ̀ rí. Adìyẹ tí wọ́n ń tọ́jú ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn fúnra wọn ń mu kọfí, wọ́n ń fa sìgá. Nípa gàrí tí ìyá rẹ dì sínú àpótí rẹ, mo ti gbé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí rí láti wọn purotéènì inú rẹ̀. N kò jẹ́ sọ èsì rẹ̀ fún un, nítorí mo fẹ́ràn àlàáfíà. Máa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n máa fi ẹ̀wà tàbí ẹyin tì í lẹ́yìn.

Èkejì: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú yìí nígbà náà, ìwọ kò tíì sí láyé. Láti polí nílé ni mo ti wá, níbi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì fi mí ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá kan, ará Piemonte, onírùngbọ̀n funfun, tí kò sí ẹni tó rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ rí. À ń fi àgbàdo oríṣi tuntun kan bọ́ adìyẹ, láti mọ̀ bóyá purotéènì rẹ̀ sàn ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n pa àwọn adìyẹ náà, wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá, wọ́n kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan dì. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ dà wọ́n nù ni. Wò ó, Àjọkẹ́: adìyẹ tí kò ṣàìsàn, tó fi owó ìjọba jẹ àgbàdo, wọ́n fẹ́ dà á nù! Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ilé ire kò lè dúró wo irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ sílé. Mo fi ata rodo tí mo ti ń ṣọ́ jẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé sè é. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fa egungun rẹ̀, mo sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ní kí n kó gbogbo adìyẹ jáde, pé a fẹ́ lọ̀ wọ́n kúnná láti mọ iye purotéènì tó wọ ara wọn lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èsì ìwádìí ni mo fi ata sè.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó na ọwọ́ sí tẹlifóònù láti pe ambulanza. Mo yára dìde.

"Professore, adìyẹ kan kò sí mọ́. Mo ti jẹ ẹ́."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Com'era?" Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?

"Ó le díẹ̀, Professore."

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà, èsì ni. Má jẹ òmíràn."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti yàrá ìwádìí dé ọ́fíìsì rẹ̀ mo ti fi ọkàn di ẹrù mi, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo ti dé iwájú bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn, mo ti ń wá ohun tí n ó wí. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára láti ọjọ́ yẹn. Kò wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ adìyẹ nìkan ni mo kọ́ láti máa sọ.

Ẹ̀kẹta. O bi mí nígbà tí o wà ní ilé-ìwé liceo pé kí ló dé tí n kò ṣe iṣẹ́ tí a lè ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. N kò dá ọ lóhùn dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá mi ni ó fà á. Ìyá mi a máa sẹ́ ògì. Ohun funfun tó gba inú asẹ́ kọjá, àwa ọmọ ni à ń mu ún. Eeri tó kù lókè asẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ náà dán, ó sanra, ó ń bí ìbejì. Àwa ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Àwọn àgbà ní àràn ló ń jẹ wá nínú. Nígbà tí mo dé polí, tí wọ́n kọ́ mi ní bí a ṣe ń wọn purotéènì, ohun tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ni ògì àti eeri. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun rere inú ọkà wà lókè asẹ́. Ewúrẹ́ ilé wa ló ń jẹ àǹfààní, àwa ń mu àwọ̀ funfun.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n wá máa fi eeri bọ́ yín, kí n máa bu ògì fún ewúrẹ́? Kí ni kí n sọ fún àwọn ará àdúgbò?"

Ó ń sẹ́ ògì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n mo rí iṣẹ́ ayé mi níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ fún ọ ni pé kí o má máa tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n gbé fún ọ nìkan. Máa bi ara rẹ pé ibo ni ìyókù gbà lọ. Nínú yàrá ìlọkà, àpò kan wọlé, ìyẹ̀fun jáde sínú ike. Ibo ni ìyókù gbà lọ? Afẹ́fẹ́ ló gbé e. Láti inú afẹ́fẹ́ ó di ihò imú, láti ihò imú ó di àyà. Purotéènì náà kò mọ̀ pé ènìyàn ni kì í ṣe adìyẹ. Ó wọlé, ó jókòó, àyà rí àlejò tí kò pè, ìjà bẹ̀rẹ̀.

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ti kọ ṣáájú, mo fi ń rìn yí i ká ni.

Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí àyà mi ti ń jà. O mọ ikọ́ náà. O dàgbà bá a nínú ilé bí ẹni bá ariwo ọkọ̀ tram. Ọjọ́ Ajé ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Imú á yún mi, ojú á pọ́n. Bí ó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, àyà mi á ti máa súfèé bí ìkòkò kọfí lórí iná. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá dé, á rọlẹ̀. Tó bá wá di oṣù kẹjọ, tí gbogbo Italia ti ìlẹ̀kùn lọ sí etí òkun, tí yàrá ìwádìí náà sì tì, tí a bá ìjọ lọ sí àpéjọ ní Genova, ikọ́ náà á lọ pátápátá. Ìyá rẹ á dìde jẹ́rìí: "Ẹ bá mi yin Olúwa, ọkọ mi ti ń sùn láìwúkọ́!" Ìjọ á hó yèè. Èmi náà á hó. Oṣù kẹsàn-án á dé, n ó padà sídìí ẹ̀rọ ìlọkà, ikọ́ á padà. Pásítọ̀ á ní ọ̀tá ti padà dé. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ ṣílẹ̀kùn fún un, èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Mú oúnjẹ kan kúrò, wo ohun tí ẹran náà yóò ṣe. Dá a padà, wo ohun tí yóò ṣe. Ìdánwò tí mo fi ń jẹun nìyẹn; òun ni mo fi kọ́ ìwọ náà nígbà tí o ń múra ìwé oyè laurea rẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá sí iwájú mi, tí kò sì rí ìtumọ̀ rẹ̀, n ó ní kó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ara tèmi ń ṣe ìdánwò náà lọ́dọọdún, ó ń mú èsì kan náà wá, n kò kà á. Ehoro nìkan ni mo ń kà.

O lè béèrè pé kí ló dé tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbòjú tó ń bo imú àti ẹnu wà níbẹ̀, wọ́n fi kọ́ ara ògiri yàrá ìlọkà. Ọ̀gá mi onírùngbọ̀n kì í lò ó. Bí àgbà kò bá lò ó, ojú wo ni èmi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ fi lò ó? Ṣé kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú, bí ẹni tó ń sọ pé ẹnu rẹ̀ ń rùn? Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí èmi náà di àgbà yàrá náà, kò wá sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kí n lò ó, nítorí àwọn ọmọ ẹ̀yìn tèmi ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, o mọ̀ wá. Bí wọ́n bá ní báwo ni ara, dáadáa ni à ń wí, ì báà jẹ́ pé orí àkéte ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá wa. Mo sì mọ bí tram ṣe ń rí bí aláwọ̀ dúdú bá wúkọ́ nínú rẹ̀: àyè á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ́n rò pé ikọ́ àwúgbẹ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, ṣe nígbà náà, ọdọọdún ni mo ń tò fún permesso, ìwé ìgbélùú. Ta ni yóò tún contratto ṣe fún àjòjì tí àyà rẹ̀ ń súfèé? Mo mú ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tu itọ́ funfun jáde. Ojú ọ̀nà yìí ni mo rí i tí o ń gbà, nínú ikọ́ kékeré kan lórí tẹlifóònù. Ìdí nìyẹn tí oorun kò fi kùn mí láti ọjọ́ Àìkú.

Àná ni mo lọ rí dókítà. Má bi mí bí mo ṣe tètè rí àyè. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àdéhùn appuntamento náà ti wà, èmi ni mo ń sún un síwájú. Wọ́n kán omi oríṣiríṣi sí apá mi lẹ́sẹẹsẹ, omi àlìkámà, omi àgbàdo, omi eruku ilé, omi irun ológbò, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gún ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ológbò kò ṣe mí ní nǹkan kan. Eruku ilé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibi tí wọ́n kán àlìkámà sí wú bí ẹni pé oyin ta mí.

Dottoressa náà gbé apá mi wò, ó ní, "Lei fa il fornaio?" Ṣé búrẹ́dì ni ẹ ń ṣe?

"Rárá, dottoressa. Olùwádìí ni mí. Purotéènì inú ọkà, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn."

"Ọ̀kan náà ni," ó ń kọ nǹkan lọ.

Àjọkẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, asma àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ni mo gbà lérè, n kò sì tíì ta ẹyọ búrẹ́dì kan rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ní ọmọ. Mo ní ọ̀kan ṣoṣo ni. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní irú ara báyìí máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ní bí ènìyàn bá tètè mọ̀, tó sì kúrò nídìí eruku náà, àyà lè padà sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, àyà á ti kọ́ ìjà mọ́ra. Kódà bí eruku bá lọ, á máa wá ohun mìíràn bá jà: òtútù, lọ́fínńdà, àtẹ̀gùn ilé. Mo ní, "Èmi ńkọ́?" Ó ní, "Tiyín ti pẹ́ díẹ̀." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí àwọn tó ń kéde ní stazione pé ọkọ̀ kò ní tètè dé.

Èyí ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù, mo fẹ́ kó yé ọ pé kì í ṣe nítorí tèmi. Tèmi ti wà nílẹ̀, a ó máa fín oògùn sí i. Ìwọ ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwọ ni ẹni tí wọ́n ní ó lè padà sípò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí o bá wọ yàrá ìlọkà yẹn ní ọjọ́ Ajé, tí o sì wà níbẹ̀ títí di Àjíǹde, èmi kò mọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò kà ọ́ mọ́ nígbà tí o bá jáde.

Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó dìde dúró.

"Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ láìsọ fún mi?"

"Fẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Asma kì í ṣe ìpín yín. Mo kọ̀ ọ́!"

"Èmi náà kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kúrò nídìí eruku."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ nonna tí ó ń tọ́jú, ìyá arúgbó tó ń gbé nítòsí odò Po. Ó ní ìyá náà ṣubú nílé ìwẹ̀, ó fi pamọ́ fún òun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé "tutto bene", dáadáa ni gbogbo rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ní, "Mo bá a jà, Bàbá Jọkẹ́. Mo ní, ta ni ẹ ń fi pamọ́ fún? Èmi tí mo wà níbí láti ràn yín lọ́wọ́?"

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ó jókòó, ó ní, "Ẹ sọ fún un kó lọ rí dókítà. Èmi á máa gbàdúrà, dókítà á máa wò ó, Ọlọ́run á mọ èyí tí òun fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo ní kó jẹ́wọ́ o."

Mo ti kọ ọ́.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Ajé tó dé, lọ bá Professore rẹ. Má ṣe bí àwa ṣe ń ṣe, kí o má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ ṣùgbọ́n n kò mọ bí ẹ ṣe máa gbà á. Kí o tó dé ìdajì, ó ti lọ mu kọfí. Sọ báyìí: "Professore, la farina mi toglie il respiro. Posso fare le estrazioni?" Ìyẹ̀fun ń dí mi léèémí, ṣé mo lè máa ṣe iṣẹ́ fífi omi yọ purotéènì? Iṣẹ́ wa ní apá gbígbẹ àti apá olómi. Nínú apá olómi, purotéènì ti rì sínú ìgò, kò lè fò mọ́. Sọ fún un pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku sí yàrá náà fún ẹni yòówù tó bá máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, nítorí ẹni náà pẹ̀lú ní àyà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn. Ó lè ní ìlọkà ni òun gbà ọ́ fún. Ó lè fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀, àyà wọn kì í sì í súfèé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ ṣì wà, àpò ìrẹsì ni ìyá rẹ kàn kó sí i. Purotéènì kún inú ayé: ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú wàrà, ó wà nínú koríko tí màlúù ń jẹ ní gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Pianura. A ó rí òmíràn fún ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀dọ̀fóró. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo mọ bí o ṣe jìyà tó kí o tó rí iṣẹ́ yìí, èmi ni mo ń bá ọ ka ìwé. Síbẹ̀, làpálàpá ni iṣẹ́ náà.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Èmi kò ṣípá nígbà tèmi. Ṣí tìrẹ.

Àwọn ìmọ̀ràn kéékèèké kù. Máa mú tesserino, káàdì ìdánimọ̀ yunifásítì rẹ, káàkiri. Àwọn ọlọ́pàá inú ọkọ̀ ojú irin á bi ọ́ léèrè, wọ́n á tún bi ọ́. Bí nebbia, kùrukùru, bá bo ìlú yẹn, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, fẹsẹ̀ rìn. Nípa ọ̀rọ̀ ọkọ, èmi kò ní ìmọ̀ràn kankan. Ìyá rẹ ní i, ó sì gùn.

Arákùnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹrù nínú ìjọ wa ni mo fi ìwé yìí rán, ó ń já ẹrù ní Padova lọ́la. Mo mọ poste ilẹ̀ yìí. Bí mo bá gbé e fún wọn, á bá ọ nígbà tí o bá ti lọ ọkà tán. Dottoressa tèmi ti bá mi pe ojúgbà rẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín, ojúgbà náà ní òun máa rí wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó ní àwa méjèèjì ni kí a wá, pé òun fẹ́ wo bàbá àti ọmọ pọ̀. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa wọ̀. Dúró dè mí ní binario, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí mo dúró láti mí, dúró tì mí, má ṣe bí ẹni pé o kò rí i.

Bí a bá dé ibẹ̀, wọ́n á bi wá pé ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Mo ti rò ó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù nínú wa ni kó kọ́kọ́ wọlé.

Kí o kàn bá mi gbé kóòtù mi dání.

Bàbá rẹ